Ọkọ Ìjì Kì í Dọ̀bálẹ̀

"Tún un ṣe," ni Ìbídùn wí.

Ọkọ Ìjì tún un ṣe. Ó gbá aṣọ èjìká rẹ̀ sẹ́yìn, ó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú bàbá arúgbó tó jókòó sórí àga, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbójú sókè. Bàbá náà fọwọ́ bà á lẹ́yìn, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà, wàá dògbó." Ìgbà yẹn ni Ọkọ Ìjì tó dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ tó sì gba ìtọ́.

"Èyí ti yege," ni bàbá náà wí. Abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti háyà rẹ̀ pé kó wá máa gba ìkíni. "Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi, orí lásán ni wọ́n ń mì sí mi bí alángbá. Àfi kí n kó wọn wá fún ọ."

"Ẹ̀dà nìkan ni mo ń kọ́, Bàbá. Ọmọ ènìyàn le jù fún mi."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí gíláàsì roboto kan tó wà lára ògiri, tí iná àwọ̀ ewé ń tàn nínú rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Látìgbà tí mo ti dé ló ti ń wò mí. Ṣé kí n kí òun náà ni?"

"Ẹlẹ́rìí nìyẹn. Kò sí yàrá tí ẹ̀dà ti ń ṣiṣẹ́ tí wọn kì í fi í sí. Bó bá rí i pé ẹ̀dà rí àgbà fín, tàbí pé ó pe ara rẹ̀ ní òkú tó ni ojú tó gbé sórí, á pọ́n. Bó bá ti pọ́n, ẹ̀dà kú nìyẹn, wọ́n á sì wá gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Torí pé kò dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ ò gbọ́ nípa ẹ̀dà tó na ọwọ́ òsì sí ọba aládé nígbà kan ni? Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣòfin."

"Wọ́n ṣeun," ni bàbá náà wí, ó sì gba ọ̀nà ilé ìdáná lọ láti lọ jẹun.

Ní abúlé fíìmù tó wà láàárín àwọn àpáta Ìgbẹ́tì yìí, Ìyá-Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pe Ìbídùn. Àwọn kan ló ń fi rọ́bà àti irin mọ ara ẹ̀dà tí yóò gbé ojú òṣèré tó ti kú, àwọn mìíràn ló ń kọ́ ọ ní ìjà àti fífò. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó lè fò kọjá òrùlé, tí kò mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kò lè kúrò nínú yàrá Ìbídùn. Ó ti kọ́ púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tó fẹ́ràn tó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó gbọ́n, ó ní sùúrù. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: àwọn tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ akọni ti fi sí i lọ́kàn pé ibi tí iná pupa bá ti tàn, ewu wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná pupa ara ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì tàn ní ilé ìdáná. Ọkọ Ìjì fò síwájú ìkòkò, ó na apá méjèèjì, ó ní, "Ẹ dúró sẹ́yìn mi." Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àwọn òṣìṣẹ́ pa kí wọ́n tó rí i tì kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Fọlárìn, olùdarí fíìmù náà, ló wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bídùn! Màmá ti dé."

"Màmá wo?"

"Màmá wo ló tún kù? Màmá Tiwalọlá. Wọ́n ní ọ̀la, wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú irin tòní. Wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n ń mu omi."

Màmá Tiwalọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Láòyè Akínrìnádé bí, Láòyè tó ṣe Ọkọ Ìjì nínú àwọn fíìmù àtijọ́, tí ojú rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀dà yìí. Nígbà tí wọ́n sọ màmá náà lórúkọ, àwọn ìkókó ló ń jẹ́ Tiwalọlá. Láyé ìsinsìnyí, bí o bá gbọ́ Tiwalọlá, o ti mọ̀ pé eyín ti ń dín lẹ́nu ẹni náà. Òfin Ojú, èyí tó ń darí ẹ̀dà àti ojú òkú, kò sì fi igbá kan bọ̀kan nínú lórí ọ̀rọ̀ àrólé. Ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó rí ẹ̀dà lójúkojú, kó sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ níwájú Ẹlẹ́rìí. Àwọn aṣòfin ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí Màmá bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ ojú náà kúrò, fíìmù parí.

Fọlárìn rìn yí ẹ̀dà ká, ó ń tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. Àdìrẹ ni aṣọ náà, bí ti àtijọ́. "Ṣé ó ti mọ ìkíni?"

"Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

"Ó dáa. Bí Màmá bá ti wọlé, kó nà gbalaja."

Ìbídùn fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ẹ̀dà. Ó wo Fọlárìn.

"Ọ̀gá, ta ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

"Ẹ̀dà fún Màmá. Ẹ̀dà ò ju ọmọ ogójì ọdún lọ lójú, Màmá ti lé ní àádọ́rin. Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Bàbá wọn ni."

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n. Àwọn àgbà tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀dà, ẹ̀dà ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, inú gbogbo wọn sì ń dùn. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ lè dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, bí bàbá bá tètè lọ. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tiwalọlá wà nígbà tí ibà gbé Láòyè lọ.

Fọlárìn jókòó sórí àga tí bàbá arúgbó fi sílẹ̀. "Sọ ojú rẹ̀ darúgbó. Fún un ní ewú. Sọ ọ́ di ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, kí Màmá wá kúnlẹ̀ fún un."

"Òfin ò gbà á. Ojú òkú kì í kọjá ọjọ́ orí tó kú."

"Kó jókòó ńkọ́?"

"Kó jókòó kí àgbà wá bá a lórí ìjókòó? Ẹlẹ́rìí á pọ́n kí Màmá tó ráàyè fìdí kalẹ̀."

"Ká lọ sọ fún wọn nísàlẹ̀, ká ní, 'Mà, báyìí báyìí ló máa rí.'"

"Ẹ mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ bá àrólé sọ̀rọ̀ ẹ̀dà kó tó rí i. Wọ́n á ní a ti yí wọn lọ́kàn padà."

Fọlárìn sọ èyí tó kàn pẹ̀lẹ́, kì í sì í ṣe ènìyàn pẹ̀lẹ́. "Bídùn, òfin fúnra rẹ̀ ló ní kì í ṣe bàbá wọn. Ó ní àjèjì ni. Àjèjì tó jẹ́ ọmọdé, kí ló ń ṣe níwájú àgbà? Jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Màmá á sunkún díẹ̀, wọ́n á nujú, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn tó wà lórí òkè yìí ló ń jẹun lára fíìmù yìí. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

"Má sọ nǹkan kan sí i létí."

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́rùn aṣọ Ìbídùn. Ohun tó bá sọ sínú rẹ̀, ẹ̀dà nìkan ló ń gbọ́ ọ, ohun náà ló sì ń ṣe. Ìbídùn fọwọ́ kàn án, ó mú ọwọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn nínú, ìdí rẹ̀ sì ju ti Màmá nìkan lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ti wo àwọn fíìmù àtijọ́ náà, lórí ògiri, pẹ̀lú àwọn okùn tí wọ́n fi gbé Láòyè sókè tó ń hàn kedere tí ẹnikẹ́ni kò sì bìkítà. Òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni Ọkọ Ìjì. Ó gun òpó nínú òjò, àrá sán lù ú, kò kú, atẹ́gùn bá di ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan: àyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí àyà rẹ̀ bá kan ilẹ̀, atẹ́gùn á lọ, kò ní padà mọ́. Ẹni tó lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù sókè kò wá lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tó lọ tọrọ ìyàwó, ó dúró bí òpó iná níwájú àwọn àna, wọ́n sì lé e jáde bí ajá. Kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ìyá àgbà Ìbídùn máa ń pariwo mọ́ ògiri pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i, kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù!" Gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó tẹ̀ díẹ̀, kó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Àwọn ọmọdé ìgbà náà kọ́ ọ, wọ́n ń fìka kan ilẹ̀ kí bàbá wọn, ọ̀pọ̀ sì jẹ ìgbátí nítorí rẹ̀.

Fọlárìn ti yọ èèwọ̀ náà kúrò nínú fíìmù tuntun. Ta ni yóò fi ẹ̀dà tí kì í dọ̀bálẹ̀ síwájú Ẹlẹ́rìí? Dípò rẹ̀, ó ní kí Ọkọ Ìjì tuntun má fẹsẹ̀ kan omi odò. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù àtijọ́ bú u tìyátìyá. Ìbídùn kò bú u, ọ̀gá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀dà náà ní ìdọ̀bálẹ̀, tí àyà náà kan ilẹ̀, ojú tì í. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ń ró kọ́kọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Màmá Tiwalọlá wọlé. Ó kéré, ó gbẹ, ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Àdìrẹ kan tó ti ṣá wà ní èjìká rẹ̀, Ìbídùn sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìró ìyá Láòyè ni, èyí tí wọ́n gé tí Ọkọ Ìjì fi ń fò nígbà àtijọ́. Èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀dà, èyí ni wọ́n wò ṣe é. Màmá kọ́kọ́ kọjú sí Fọlárìn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́lé sórí àpáta? Ṣé ẹ̀yin àti ọ̀bọ lẹ jọ ń gbé ni?"

Fọlárìn ti nà sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn."

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mà."

"Ẹ dìde, ẹ dìde." Màmá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò wo wọn mọ́. Ó ti rí ẹni tó dúró lẹ́bàá fèrèsé.

Ìbídùn ń wo ojú rẹ̀ láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Ó ti rò pé yóò sunkún, tàbí kó bínú. Màmá kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó kàn dúró, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń wo ẹ̀dà bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá mú lẹ́nu géètì, tó rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, tí kò sì tíì dá a lójú.

Ẹ̀dà rí àgbà. Ó gbá aṣọ èjìká sẹ́yìn. Ẹ̀rọ inú orúnkún rẹ̀ ń kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀.

Ìbídùn mọ ohun tó máa pàdánù. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ ẹnu mọ́ ọrùn aṣọ.

"Dúró. Ìka ọwọ́ ọ̀tún. Kan ilẹ̀, kí o dìde."

Ẹ̀dà dúró lórí ìtẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, ìka rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì dìde dúró ṣánṣán. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà," ó sì wo Màmá.

Màmá mí kanlẹ̀. "Há," ló wí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọlárìn gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Bídùn, kí lo ṣe?"

Ẹlẹ́rìí pọ́n. Iná pupa bo ògiri, ó bo ojú gbogbo wọn, ohùn kan tí kò ní ìbínú kankan nínú sì jáde láti inú gíláàsì náà. "Àrífín sí àgbà. Ẹ̀dà yóò kú báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó rántí ìkòkò ìrẹsì, àfi ìgbà tí ẹ̀dà ṣí lọ. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn, ó kọjá lára Fọlárìn, ó bọ́ sáàárín Màmá àti iná pupa, ó kẹ́yìn sí Màmá, ó na apá méjèèjì, àdìrẹ náà sì ṣí gbàràgàdà.

"Ẹ dúró sẹ́yìn mi," ló wí.

Ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò wálẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Màmá wà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kó wà. Màmá gbé ọwọ́, ó fi lé àárín ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó ṣì gbóná," ló wí.

Fọlárìn ti dìde. Ó káwọ́ lérí. "Mà, ẹ forí jì wá. Àṣìṣe ni. A máa tún un gbé dìde, á sì kí yín bó ṣe yẹ. Ẹ ṣáà bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wá." Màmá ò mú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn ẹ̀dà. "Lẹ́yìn tí fíìmù yẹn jáde, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ mọ́ ní gbogbo àdúgbò wa. Bó bá ti ń tẹ̀, àwọn àgbà á gbé e dìde, wọ́n á ní, 'Má ṣe é o, ooru ń mú, a ṣì fẹ́ atẹ́gùn!' Ìka ló fi ń kí wọn títí tó fi kú. Mo bá rò ó nínú ọkọ̀. Mo ní bí nǹkan tẹ́ ẹ ṣe yìí bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, màá mọ̀ pé rọ́bà ni. Màá ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ, kó máa jà, kó máa fò, kò kàn mí. 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni mo fẹ́ sọ. Ó ti wà lẹ́nu mi."

Fọlárìn yíjú sí Ìbídùn.

"Kò wá dọ̀bálẹ̀," ni Màmá wí. "N ò lè fún yín. Ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo sọ o, Ẹlẹ́rìí, kí ìwọ náà gbọ́. Ọmọ yìí, Olùdarí, ẹ wá ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà láàyè, kó fi ojú ara rẹ̀ wọ aṣọ náà. Ẹ sì dá èèwọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ kan omi odò, kí ló kàn mí níbẹ̀? Àwa tá a kúrò lódò tipẹ́!"

Fọlárìn jókòó padà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in.

Ìbídùn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dùn ún, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀. Ká ní ó pa ẹnu mọ́, ẹ̀dà ìbá wà láàyè, fíìmù ìbá wà, iṣẹ́ rẹ̀ ìbá wà, Màmá ìbá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ni tó ń bọ̀ wá sọ. Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ló fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó wá ibi tí àbámọ̀ wà nínú ara rẹ̀, ó rí ẹ̀rù, ó rí àánú Fọlárìn, àmọ́ kò rí àbámọ̀.

Bàtà líle ń dún lórí àtẹ̀gùn, ju ẹyọ kan lọ. Màmá gbọ́ ọ.

"Àwọn wo ló ń bọ̀?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ Òfin Ojú ni, Mà. Wọ́n ń bọ̀ wá gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Kí lo ṣe?"

"Èmi ni mo ní kó má dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní mo jẹ́ kí ẹ̀dà rí àgbà fín."

"Àgbà wo?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

Màmá wò ó. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. "Èmi! Wọ́n rí mi fín nílé yìí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi!"

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Ìbídùn. "Bá mi mú èyí dání. Dìde." Ìbídùn gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dìde. Màmá gba abẹ́ apá ẹ̀dà kọjá, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láìsí ọ̀pá, títí tó fi dé ọ̀kánkán ilẹ̀kùn. Ó fa àdìrẹ àtijọ́ náà dáadáa sí èjìká, ó sì na apá rẹ̀ kékeré méjèèjì.

Ẹnìkan di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú níta.

"Dúró sẹ́yìn mi," ni Màmá Tiwalọlá wí.

Ìbídùn dúró sẹ́yìn rẹ̀.